Ọlọ́dẹ Tó Wà Nínú Ara: Ọ̀rọ̀ Alága Níbi Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Wa ní Zone 4

   

Lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú àti ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ni a máa ń sọ ní irú ìjókòó yìí. Lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ ìlera. Àwa kì í ṣe dókítà o. Ẹ̀yà mọ́tò ni a ń tà, gbogbo yín lẹ mọ ìsọ̀ wa. Ìwé mẹ́fà ni a kà dúró. Ojú ọjà àti ìwé tí a ń rà kà lálẹ́ ló kọ́ wa ní ìyókù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ta ẹ̀yà mọ́tò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì kì í ṣàdédé kú. Ó ti máa ń gbóná tipẹ́ kí ó tó kú. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo àdúgbò wa yìí. Ojoojúmọ́ ni à ń gba Rue Pierre et Marie Curie, Rue Paul Langevin àti Rue du Docteur Calmette kọjá. Orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe ti ọba, wọn kì í ṣe ti ológun. Orúkọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni. Calmette yìí, ọmọ ilẹ̀ Faransé ni. Òun àti ẹnì kejì rẹ̀, Guérin, ló ṣe abẹ́rẹ́ BCG tó ń dènà ikọ́ ife. Ọdún 1921 ni wọ́n kọ́kọ́ fi fún ọmọ ènìyàn. Bí ẹ bá ká apá aṣọ yín sókè, púpọ̀ nínú wa yóò rí àpá kékeré kan níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ Calmette ni. Wọ́n ti fi àmì ọkùnrin náà sí wa lára kí a tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì, a sì tún wá ń ṣòwò ní òpópónà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ náà, ẹ ó rántí pé ojú ibẹ̀ a máa wú, a pọ́n, a di egbò kékeré, lẹ́yìn náà a san. Kí ló fà á? Gbogbo wa la mọ ọlọ́dẹ. Ilé ìtajà wo ni kò ní ọlọ́dẹ lálẹ́ ní Zone 4 yìí? Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọlọ́run fi ọlọ́dẹ sínú ara ènìyàn. Inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ń rìn, wọn kì í sùn tọ̀sán tòru. Bí ẹ̀gún bá gún ni lẹ́sẹ̀, àwọn ni wọ́n á kọ́kọ́ débẹ̀. Ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á gbóná, á sì máa dunni. Àwa rò pé àìsàn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìjà àwọn ọlọ́dẹ ni. Iná ni wọ́n dá láti fi lé ọ̀tá. Bí wọ́n bá ṣẹ́gun tán, wọ́n á pa iná náà, ara á sì balẹ̀.

Ibi tí ìyọnu wà ni ìgbà tí iná náà kò bá kú. Bí ọ̀tá bá sá pamọ́ síbi tí ọwọ́ kò tó o, àwọn ọlọ́dẹ á máa jà ní ọdún kìíní, ní ọdún kẹwàá, títí di ọgbọ̀n ọdún. Níbi tí ogun bá sì ti ń jà lójoojúmọ́, ògiri onílé ni yóò máa wó. Ara á máa tún un mọ, á tún máa wó, á tún máa mọ ọ́n. Ẹni tó bá ń fi ìkánjú mọ ògiri lójoojúmọ́, bó pẹ́ bó yá, yóò ṣi bíríkì kan tò. Bíríkì tó ṣì tò yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ jẹjẹrẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1863 ni dókítà ará Jámánì kan, Rudolf Virchow, ti sọ pé ibi tí ara bá ti ń gbóná láìsinmi ni jẹjẹrẹ ti ń hù. Ní 1986, Harold Dvorak ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ pé jẹjẹrẹ dà bí egbò tí kò jinná.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì. Bí jẹjẹrẹ bá ti dé tán, àwọn ọlọ́dẹ yìí kan náà ló yẹ kí wọ́n mú un. Kí ló dé tí wọn kì í fi í rí i mú? Ìdí ni pé olè yìí kò ti òde wá. Ọmọ ilé ni, aṣọ ilé ló wọ̀. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni. Báwo ni ọlọ́dẹ yóò ṣe mú ọmọ onílé?

Ìbéèrè yìí ni ọmọ Yorùbá kan ti fi ayé rẹ̀ wá ìdáhùn sí, òun ni a sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ lónìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kunle Odunsi ni orúkọ rẹ̀. Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, èyí tí a ń pè ní Obafemi Awolowo University láti 1987, ló ti kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ẹ̀yin ará Ẹ̀jìgbò, ẹ mọ̀ pé Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà ni àwa àti Ifẹ̀ wà. Láti ibẹ̀ ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́ ìtọ́jú àìsàn obìnrin ní Cambridge, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Oxford. Ó tún kọjá sí Yale ní Amẹ́ríkà, kí ó tó wọ Roswell Park ní ìlú Buffalo, ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1898. Ó lo nǹkan bí ogún ọdún níbẹ̀.

Ẹ ronú sí i. Dókítà tó ti gboyè ní Ifẹ̀ tún di ọmọ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tún di ọmọ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Àwọn bàbá wa tí ìjọba Ghana lé ní 1969, tí wọ́n wá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí tábìlì kékeré ní Treichville, mọ bí ó ṣe ń rí kí ènìyàn tún ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá tijú àtikọ́ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta ni iṣẹ́ máa ń gbà fún.

Kí ni ó wá rí? Iṣẹ́ tó ṣe ní Oxford, tó jáde ní 1995, dá lórí ẹnu ilé ọmọ obìnrin. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní HPV ló ń fa jẹjẹrẹ ibẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin ló ń kó kòkòrò náà, ṣùgbọ́n ara ọ̀pọ̀ nínú wọn á lé e jáde. Kí ló dé tí ti àwọn mìíràn kì í jáde? Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ohun tí a jogún lára òbí, èyí tó ń fi ojú ọ̀tá han ọlọ́dẹ. Wọ́n rí i pé irú kan pọ̀ lára àwọn obìnrin tí ibẹ̀ ti ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ni pé ọlọ́dẹ kan kò rí bí èkejì, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin náà. Ẹ jẹ́ kí èyí wọ̀ wá létí, àwa tí a máa ń yára sọ pé ayé ló ń ṣe é tàbí pé ìwà rẹ̀ ni.

Nígbà tó dé Buffalo, ó dojú kọ jẹjẹrẹ inú ibi tí ẹyin obìnrin ń gbé. Jẹjẹrẹ yìí burú nítorí pé kì í tètè fara hàn. Ní 2005, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn obìnrin 117 tó ní àìsàn náà. Wọ́n ka iye ọlọ́dẹ tó ti wọ inú kókó jẹjẹrẹ náà gan-an lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wọ́n rí i pé àwọn tí ọlọ́dẹ pọ̀ nínú kókó wọn lo nǹkan bí oṣù 55 láyé lẹ́yìn àìsàn náà, nígbà tí àwọn tí ọlọ́dẹ wọn kéré lo nǹkan bí oṣù 26. Ó ju ìlọ́po méjì lọ! Wọ́n tún rí ohun kan. Láàárín àwọn ọlọ́dẹ, àwọn kan wà tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ láti máa pàrọwà pé ó tó, ẹ má jà mọ́. Àwọn onílàjà ni wọ́n. Wọ́n wúlò, nítorí láìsí wọn, iná kò ní kú. Ṣùgbọ́n bí àwọn onílàjà bá pọ̀ ju àwọn jagunjagun lọ nínú kókó náà, olè yóò ráyè. Kí àwọn méjèèjì wà ní ìwọ̀n ni ó ṣe pàtàkì, bí ó ti rí nínú ẹgbẹ́ náà nìyẹn.

Láti ibẹ̀ ó wá ọ̀nà tí wọn yóò fi jí ọlọ́dẹ tó sùn. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti rí àmì kan ní 1997 tí wọ́n sọ ní NY-ESO-1. Ẹ forí jì wá, ẹ̀yin ìyá: nínú ara àgbà tó dá ṣáṣá, kórópọ̀n ọkùnrin nìkan ni àmì náà sábà máa ń wà. Bí ó bá wá fara hàn nínú kókó lára obìnrin, aṣọ olè nìyẹn, nítorí kò sí ẹlòmíràn nínú ilé tó ń wọ irú rẹ̀. Odunsi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àmì náà wà lára ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ibi ẹyin obìnrin. Ní 2007, wọ́n tẹ àbájáde abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi dá àwọn ọlọ́dẹ lẹ́kọ̀ọ́ láti mọ aṣọ náà. Àwọn ọlọ́dẹ jí lára àwọn tó gbà á. Wọn kò sọ pé àwọn ti rí oògùn jẹjẹrẹ. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ.

Ohun tó mú wa fẹ́ràn ọkùnrin yìí jù ni èyí tó jáde ní 2022. Jẹjẹrẹ ní ọgbọ́n kan tó fi ń kun ọlọ́dẹ lóorun. Wọ́n ti ṣe oògùn tí yóò dí ọ̀nà yẹn, wọ́n fún àwọn aláìsàn kan, oògùn náà sì dí i lóòótọ́. Kí ni olè ṣe? Ó gba ẹnu ọ̀nà mìíràn, ó tún kun àwọn ọlọ́dẹ lóorun níbẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá fi irú àbájáde bẹ́ẹ̀ pamọ́. Odunsi àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé, wọ́n sì tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà kejì náà, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tí yóò tì. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mélòó nínú wa ló lè jáde sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé ọjà báyìí ni mo rà tí kò tà, má rà á?

Ní 2018 wọ́n gbà á sí ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ ìṣègùn Amẹ́ríkà, National Academy of Medicine. Ní 2021, Yunifásítì Chicago fi í ṣe olùdarí ibùdó jẹjẹrẹ wọn. Níbẹ̀ náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn, ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí jẹjẹrẹ ọmú. Ọmọ Ifẹ̀ àti ọmọ Ìbàdàn ní Chicago! Ẹ bá wa pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ó dáa. Ẹnìkan lè sọ pé, Alága, kí ni èyí kàn wá ní Abidjan? Ó kàn wá gan-an. Nínú gbogbo jẹjẹrẹ tí iná tí kò kú ń bí, èyí tó súnmọ́ wa jù ni ti ẹ̀dọ̀. Àwọn baba wa ti mọ àìsàn tó ń bí i, wọ́n sọ ọ́ ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Orúkọ tó bá a mu ni. Kòkòrò kan tó ń fà á ni àwọn dókítà ń pè ní hépatite B. Kòkòrò náà kò pa ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn ọlọ́dẹ ni wọ́n ń bá a jà nínú ẹ̀dọ̀ lọ́dọọdún, tí ẹ̀dọ̀ fi ń le bí òkúta, tí bíríkì fi ń ṣì tò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2022, ènìyàn mílíọ̀nù 254 ló ń gbé kòkòrò yìí kiri, àti pé ó pa mílíọ̀nù 1.1 lọ́dún yẹn. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wa yìí wà lára ibi tó ti pọ̀ jù. Ọmọ ìkókó tó bá kó o, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni kì í lọ lára wọn mọ́. Ní ti àgbàlagbà, díẹ̀ ni kì í lọ lára wọn. Ẹni tó ní i lè lo ogún ọdún láìmọ̀, kò ní rí ìrora kankan.

Ọ̀kan nínú wa wà, a kò ní dárúkọ rẹ̀, ìdílé rẹ̀ wà níbí. Ọkùnrin aláápọn ni. Ó ní inú ń run òun, a ní àárẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ pọ́n bí epo, a ní ibà ni. Àgbo ló ń mu títí ikùn rẹ̀ fi wú. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ti gba gbogbo ibẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta tó kú, ẹgbẹ́ yìí ti dá owó. A gba mọ́tò, a gbé e kọjá Ghana, a gbé e kọjá Togo àti Benin, a san owó ní ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, a sì gbé e dé ilé bàbá rẹ̀. Gbogbo ìlú ló yìn wá. A padà dé Abidjan, àwa ìgbìmọ̀ jókòó, a ṣírò owó náà. Ojú tì wá. Bí a bá ti fi ìdá díẹ̀ nínú rẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, bóyá òun náà ni ì bá wà lórí àga yẹn lónìí. Àwọn àgbà ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Àwa ń wo ikú, a fi àìsàn sílẹ̀. A mọ òkú sin, a kò mọ alààyè tọ́jú.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ mú ìmọ̀ràn kan wá fún ilé, ẹ ó sì dìbò lé e lórí lónìí. A fẹ́ kí a yọ apá kan nínú owó ìsìnkú, kí a fi san owó àyẹ̀wò hépatite B fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àti aya tàbí ọkọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní i, ẹgbẹ́ yóò ràn án lọ́wọ́ láti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Institut National d'Hygiène Publique kò jìnnà, Treichville níbí ló wà. Ẹni tó bá ní i, kí ó má bẹ̀rù. Oògùn wà tí a ń lò lójoojúmọ́ tó ń rọ iná náà sílẹ̀, dókítà ni yóò sọ bóyá àkókò àtilò ó ti tó.

A mọ ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ yín lẹ́rù. Ẹ̀ ń sọ nínú ọkàn yín pé bí oníbàárà bá gbọ́, wọn kò ní ra ọjà wa mọ́. Ẹ gbọ́ o: ẹgbẹ́ yóò sanwó, ẹgbẹ́ kò ní rí ìwé àbájáde. Ọwọ́ ẹni tó ni ara ni yóò wà. Ẹ sì tún mọ̀ pé jíjẹun pọ̀ kì í ràn án, bíbọ ara ẹni lọ́wọ́ kì í ràn án. Ẹ̀jẹ̀ ni, ìbálòpọ̀ ni, abẹ abánifárí tí a kò fọ̀ ni, àti láti ara ìyá sí ọmọ nígbà ìbí. Ẹni tó bá tìtorí rẹ̀ kọ àwo oúnjẹ ẹnìkejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí, yóò san owó ìtanràn.

Ẹ̀yin ìyá tó ń lóyún, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ náà fún ọmọ kí wákàtí 24 tó pé tó délé ayé. Ìlú Taiwan bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọ tuntun ní 1984. Nígbà tó fi di 1997, ìwé jáde pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lára àwọn ọmọdé ibẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tó bí ìdajì. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin ọdún 9, ẹ má kọ abẹ́rẹ́ HPV tí orílẹ̀-èdè yìí ti ń fún wọn láti 2019. Ẹ̀yin oníṣòwò àgbàdo àti ẹ̀pà, èyí tó bá ti bu, ẹ dà á nù, ẹ má tà á, nítorí oró inú rẹ̀ ń ran iná ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́. Ní ti àgbo, a kò bú ọgbọ́n àwọn baba wa. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe wá. Àwọn àgbà kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ọ̀dọ́ tó bá wà níbí tó ń ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, kí òbí rẹ̀ má mú un jókòó sí ìsọ̀ nítorí owó kékeré. A kò mọ ẹni tí orúkọ rẹ̀ yóò wà lára ògiri òpópónà kan lọ́jọ́ iwájú. Títí di òní, orúkọ àlejò ló pọ̀ lára ògiri Zone 4.

 Àwọn ọlọ́dẹ inú ara wa kò sùn, ẹ má jẹ́ kí àwa tí a ni ilé sùn. Akọ̀wé yóò gbé ìwé ìdìbò yí ká báyìí. Ẹ̀mí wa á gùn, ẹsẹ̀ wa á padà délé pẹ̀lú ìlera. Ire o.